Ẹ jẹ́ ká rí fílítà fákúùmù ká tó sanwó

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Àwọn tó ń ta fákúùmù, ẹ̀rọ tó ń fa ìdọ̀tí ilẹ̀, n'Íbàdàn ni mo bá wá. Béèyàn bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù wọn, "wáàtì 2,000" ni wọ́n máa ń pariwo. Iná tí ẹ̀rọ ń jẹ ni wáàtì, kò sọ bó ṣe ń fa ìdọ̀tí tó. Ẹni tó ń fi jẹnẹrétọ̀ gbálẹ̀ ló máa mọ̀ ọ́n lára.

Ológbò méjì wà nílé wa, àbúrò mi ò sì lè jókòó lórí kápẹ́ẹ̀tì kó má sín. Irun gan-an kọ́ ló ń dà á láàmú. Itọ́ ológbò àti èépá ara rẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ irun ni. Wọ́n kéré débi pé fákúùmù tí fílítà rẹ̀ ò dáa á fà wọ́n níwájú, á tún fẹ́ wọn jáde lẹ́yìn. Ojúlówó fílítà HEPA, ìyẹn èyí tí wọ́n ṣe láti mú eruku tín-ínrín, ń mú 99.97 nínú 100 eruku tó tó 0.3 micron (micron kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà), àmọ́ bí ara ẹ̀rọ ò bá dé pinpin, ẹ̀gbẹ́ fílítà ni afẹ́fẹ́ á gbà yọ. Fákúùmù tó ń kó eruku sínú àpò ló wù mí ju èyí tó ń kó o sínú ike lọ: tí a bá ń da ike nù, gbogbo eruku ọ̀hún ló ń padà bò wá lójú. (Ta ló ń dà á? Èmi náà ni.)

Ẹ bá mi bẹ àwọn oníṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n jẹ́ ká ṣí ẹ̀rọ wò, kí wọ́n sì máa ta àpò àti fílítà tí a ó fi pààrọ̀. Mo wá àpò tèmi káàkiri Dùgbẹ̀, n ò rí.

Òǹkàwé yín,
Bódìjà, Ìbàdàn