Kì í ṣe torí owó pọ́ọ́kú ni àbúrò mi ṣe gba Ecuador lọ

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka ohun tí ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa àwọn èèyàn wa l'Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé tí wọ́n bá ti fẹ̀yìntì báyìí, Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n ń gbà lọ dípò kí wọ́n wálé, ẹ ní torí pé gbogbo nǹkan pọ́ọ́kú níbẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ o. Ọmọ ìyá mi wà lára wọn, ẹ jẹ́ n sojú abẹ níkòó.

Nọ́ọ̀sì ni, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní Houston, ọdún tó kọjá ló kó ẹrù ẹ̀ lọ sílùú kan tí wọ́n ń pè ní Cuenca, ní Ecuador. Èmi ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí. Ó bá fi fídíò WhatsApp pè mí látinú ọjà wọn, mo rí ìbẹ́pẹ, mo rí àgbàdo sísè, mo wá rí ẹran kan tí wọ́n fi igi gún látẹnu dé ìdí tí wọ́n ń yí i lórí iná, mo ní háà, ṣé òkété nìyẹn ni, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní cuy ni wọ́n ń pè é. Dọ́là Amẹ́ríkà gan-an ni wọ́n ń ná níbẹ̀ láti ọdún 2000 tí owó tiwọn ti dẹnu kọlẹ̀, kò ní í wá ẹni tó máa bá a ṣẹ́ńjì pẹ́nṣàn ẹ̀. Ìlú náà ga tó bíi mítà 2,500, Olúmọ wa tí à ń fi yangàn yìí, mítà 137 péré ni. Afẹ́fẹ́ ò pọ̀ lókè bẹ́ẹ̀, oṣù tó kọ́kọ́ débẹ̀, tó bá ti gun àtẹ̀gùn ilé ẹ̀, á máa mí hẹlẹ hẹlẹ bí àgbò Iléyá.

Àwa oní-náírà, ká má tíì palẹ̀ ẹrù mọ́ o. Kí wọ́n tó fún afẹ̀yìntì ní físà, pẹ́nṣàn ẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta owó oṣù tó kéré jù lọ́dọ̀ wọn. Lọ́dún 2025, dọ́là 470 ni, ìlọ́po mẹ́ta ẹ̀ jẹ́ 1,410 lóṣooṣù. Tísà ni mí tẹ́lẹ̀, mo jókòó mo ṣírò ẹ̀ lórí fóònù, pẹ́nṣàn mi ọdún méjì gbáko ò tó ti oṣù kan tí wọ́n ń béèrè. Mo dìde, mo lọ ro láfún mi.

Àmọ́ ẹni tó ń gba dọ́là, ibo ló tún pọ́ọ́kú fún un ju Abẹ́òkúta lọ? Ó nílé sí Ọbáńtokò, rúùmù mẹ́ta, èmi ni mo dúró ti bíríkìlà títí dórí táìlì. Kí ló wá lé e?

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ló wá ṣe Kérésì, ẹ̀jẹ̀ ríru ẹ̀ gbéra lóru. A gbé e dé ọsibítù kan, mi ò ní í dárúkọ, kò síná, jẹnẹrétọ̀ ò ní dísù, dókítà ti lọ sílé, wọ́n ní ká lọ ra dírípù wá níta, ní aago méjì òru! Ọmọdébìnrin nọ́ọ̀sì kan ló ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù mi wá iṣan lọ́wọ́ ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ló ń júwe fọ́mọ náà ibi tó máa gún. Nígbà tílẹ̀ mọ́, kò sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ó ti parí nìyẹn.

Ìnṣọ́ránsì tí ìjọba Amẹ́ríkà ń ṣe fáwọn àgbà, Medicare, kì í sábà sanwó ìtọ́jú lẹ́yìn odi, àpò ara ẹ̀ ló fi ń tọ́jú ara ẹ̀ ní Cuenca, bó sì ṣe máa san án níbí náà nìyẹn ká ní ìtọ́jú ọ̀hún wà fún títà.

Ẹ má rò pé ọ̀run nibẹ̀ o. January 2024, àwọn jàǹdùkú gbé ìbọn wọ ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ní Guayaquil, ìlú ńlá mìíràn ní Ecuador yẹn kan náà, ètò ń lọ lọ́wọ́, ayé ń wò wọ́n. Mo fi hàn án kó tó lọ, ó ní Cuenca jìnnà sí Guayaquil. Ṣebí bí àwa náà ṣe máa ń sọ fún wọn nìyẹn, pé Abẹ́òkúta jìnnà síbi tí wọ́n ti ń jí èèyàn gbé.

Lánàá ló tún pè, ó ní kí n bá òun wá ẹni tó máa rẹ́ǹtì ilé Ọbáńtokò. Kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi níbí. Mi ò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Èmi ni tiyín,
Tísà àná, Ìbarà, Abẹ́òkúta