Ẹ̀yin ọmọ mi tẹ́ ẹ̀ ń gbé fúláàtì, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò tó ń pariwo

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá owó ilé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń háyà yàrá ní Ṣàgámù, Àgọ́-Ìwòyè, Ìlíṣàn àti Ìjẹ̀bú-Òde ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ òbí tẹ́ ẹ wá bá ara yín nínú ilé tí èèyàn mẹ́jọ mẹ́wàá jọ ń gbé. Ìyá onílé ni mí, ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá ayálégbé gbé, ẹjọ́ tí mo sì ń gbọ́ jù kì í ṣe ti owó omi, kì í ṣe ti NEPA, ti ariwo ni. Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé kí ẹjọ́ yẹn tó dé etí mi, àwọn méjèèjì á ti di ọ̀tá, tí mo bá wá bi ẹni tí wọ́n ní ó ń pariwo pé ṣé ẹnikẹ́ni ti bá a sọ ọ́ rí, á ní rárá o, òun kàn rí i pé aládùúgbò òun ò dá òun lóhùn mọ́ tóun bá kí i.

Ọmọ mi, lọ bá a sọ̀rọ̀. Ìwọ fúnra ẹ, lójúkojú, kó tó pẹ́. Má gbá ògiri padà, má tan tìẹ náà sókè kó lè mọ bó ṣe ń rí lára, má sì gbé e sí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp pé àwọn kan ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Tó bá mọ̀ pé òun lò ń bá wí, á bínú, tí kò bá mọ̀, ariwo ń bá a lọ nìyẹn.

Má lọ láago kan òru tí ara ẹ ń gbóná. Jẹ́ kílẹ̀ mọ́, kó ti ibi iṣẹ́ dé, kó ti wẹ̀, kó ti jẹun. Tó bá jù ẹ́ lọ, kúnlẹ̀ kí i, ọkùnrin kó dọ̀bálẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ilé o. Èmi ni mo wà ní yàrá tó tẹ̀ lé tiyín. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ kékeré kan ni mo bá wá." Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ burúkú ní ń yọ ọfà lápó. Kó o wá sọ ohun tó o fẹ́ gan-an. Tó o bá kàn ní kó má pariwo mọ́, kò mọ èyí tó ò ń pè lariwo. Sọ fún un pé aago mẹ́rin ìdájí lo ń jí lọ wọ mọ́tò Èkó, tó bá lè bá ẹ dín orin kù láti aago mẹ́wàá, wàá dúpẹ́. Obìnrin tí kò bá fẹ́ dá nìkan kan ilẹ̀kùn ọkùnrin, kó mú ẹnì kan dání, kò sí àbùkù níbẹ̀.

Nínú ilé mi, nọ́ọ̀sì kan wà tó ń ṣiṣẹ́ òru, ọ̀sán ló fi ń sùn. Ọmọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ máa ń tan wúfà lọ́sàn-án torí lójú tiẹ̀ kò sẹ́ni tó ń sùn lọ́sàn-án. Ọmọbìnrin yìí ò bú u. Ó ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí orin náà máa lọ bó ṣe ń lọ, kó wá jókòó ní yàrá òun. Ó wá, ó jókòó, ó gbọ́wọ́ lé ògiri, ògiri ń gbọ̀n, ṣíbí inú kọ́ọ̀bù tó wà lórí tábìlì ń dún. Ọmọ náà dìde, kò sọ nǹkan kan, ó lọ pa á. Kò mọ̀ rárá! Ní yàrá tiẹ̀, orin ló ń gbọ́, ní yàrá kejì ìlù nìkan ló ń wọlé, torí ògiri bọ́lọ́ọ̀kù lè dá ohùn tín-ín-rín dúró díẹ̀ ṣùgbọ́n béèsì, ńṣe ló ń gba inú ògiri kọjá. Wọ́n fa sípíkà kúrò lára ògiri, wọ́n fi àlòkù fóòmù sábẹ́ rẹ̀, wọ́n yí béèsì sílẹ̀, ọmọbìnrin náà sì ń fi ọjọ́ tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ òru ránṣẹ́ sí i lórí fóònù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé kọjú-sí-mi-kí-n-kọjú-sí-ọ, ẹ tún fiyè sí i pé nínú ọ̀pọ̀ ilé bẹ́ẹ̀, ògiri ò kan páànù, àjà ló bo òkè, inú àjà kan náà ló sì já láti yàrá kan sí ìkejì, ohùn á gba ibẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń fóònù jẹ́jẹ́ láàárọ̀ fi lè jí ilé láì mọ̀.

Ti jẹnẹrétọ̀ yàtọ̀ o. Sùúrù dọjọ́ kejì tí mo sọ, kò sí níbẹ̀ tí wọ́n bá gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí abẹ́ wíńdò yín. I-better-pass-my-neighbour kékeré yẹn, carbon monoxide, afẹ́fẹ́ olóró kan, wà nínú èéfín rẹ̀, kò lóòórùn, kò láwọ̀, ó sì ti pa odindi ìdílé mọ́jú oorun lórílẹ̀-èdè yìí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Òru náà ni kẹ́ ẹ kan ilẹ̀kùn, ẹ jí gbogbo ilé, kí wọ́n pa á, kí wọ́n gbé e jáde síta gbangba, kó jìnnà sí wíńdò. Tórí bá ti ń fọ́ ẹ, tí èébì ń gbé ẹ, kọ́kọ́ jáde síta kó o tó wá ẹni tó ni ín.

Tí aládùúgbò bá gbọ́ tí kò ṣe ńkọ́? Tún lọ, kó o mú ayálégbé tó dàgbà jù nínú ilé dání. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan kéátékà, lẹ́yìn rẹ̀ onílé. Onílé ni mí, òótọ́ ni mo fẹ́ sọ fún yín: tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ sáré wá bá wa, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbọ́ kò ju pé ayálégbé méjì ń jà, ẹlòmíì á sì já kúìtì nótíìsì fún ẹ̀yin méjèèjì. Tó bá tayọ onílé, ẹ lọ bá àwọn CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, wọ́n á pè yín jókòó. Tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ tàbí ilé ìjọsìn ló gbé sípíkà síta kọjú sí yín, OGEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká fún ìjọba Ògùn, wà, òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ariwo náà sì ti wà láti 2009, NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí òfin àyíká, ló ń mójú tó o. Nínú òfin yẹn, aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀ ni òru, ariwo níbi tí èèyàn ń gbé ò sì gbọdọ̀ ju 35 dẹ́síbẹ̀ẹ̀lì, ohun tí wọ́n fi ń wọn ariwo, lọ lásìkò náà, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ tí èèyàn méjì ń bára wọn sọ lásán tó bíi 60. Ẹ mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹ má fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ẹnikẹ́ni. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ẹ sì máa jọ pàdé nídìí ẹ̀rọ omi lọ́la.

Ọmọ ìkókó tó ń ké lóru, ìyẹn kì í ṣe ẹjọ́, ó ti rẹ ìyá rẹ̀ jù ẹ́ lọ, bá a gbé e díẹ̀ tílẹ̀ bá mọ́. Àsìkò Iléyá ní Ìjẹ̀bú-Òde náà, tó di ọjọ́ kẹta tí Ojúde Ọba dé, táwọn régbérégbé, ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́jọ́ orí kan náà, ń ti ibi gbogbo wọlé, ìlù ò ní jẹ́ kó o sùn, fara dà á tàbí kó o bọ́ síta lọ wò wọ́n. Ṣùgbọ́n tó o bá ń gbọ́ pé wọ́n ń lu èèyàn lódìkejì ògiri, má tan orin tìẹ kó o má bàa gbọ́. Pe àwọn ará ilé, ẹ jọ lọ kan ilẹ̀kùn, kí ẹnì kan pe ọlọ́pàá tàbí 112, nọ́ńbà pàjáwìrì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dákẹ́ lórí ìyẹn.

Ìwọ tó o ni sípíkà, mi ò gbàgbé ẹ. Tó o bá fẹ́ ṣọjọ́ ìbí, lọ sọ fáwọn yàrá tó yí ẹ ká ṣáájú, sọ aago tó máa parí, gbé ìrẹsì fún wọn. Tó bá sì jẹ́ ìwọ ni wọ́n wá kan ilẹ̀kùn bá, pa orin náà kó o tó ṣílẹ̀kùn, ní kó wọlé, kó o bi í pé aago mélòó ló ń sùn.

Èmi ni, ìyá yín ní Mákùn, Ṣàgámù.