Lẹ́tà sí Àdùkẹ́: Ọmọ ìyá arúgbó inú fíìmù dà?

Ìbàdàn

Àdùkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Bàbá Tóbi àti àwọn ọmọ. O kú iṣẹ́ òru, o kú ìtọ́jú àwọn arúgbó tí kì í ṣe òbí rẹ. Ọlọ́run á jẹ́ kí àwọn òbí tìrẹ náà rí ẹni tọ́jú wọn. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí. Màmá ní kí n kí ọ dáadáa, wọ́n ní o ò tíì fi fọ́tò ọmọ tuntun yẹn ránṣẹ́ sí àwọn.

Mo ti wo fíìmù tí o fi ránṣẹ́. O ní oorun ò kùn ọ́ lẹ́yìn tí o wò ó tán. Èmi náà ò sùn, àmọ́ ohun tó lé oorun mi lọ yàtọ̀ sí tìrẹ. Màmá bá mi wò ó. Wọ́n jókòó tì mí lórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbé fóònù sáàárín wa. O rántí bí ìyá arúgbó yẹn ṣe kọ́kọ́ jáde: iná ń tàn láti ìsàlẹ̀ àgbọ̀n rẹ̀, gbogbo ibi tí ojú rẹ̀ hunjọ wá rí bíi kòtò, ẹyẹ ké, orin yí padà. Kò tíì la ẹnu, ìwọ àti èmi ti mọ̀ pé àjẹ́ ni, pé òun ló pa ọmọ inú fíìmù náà. Màmá wò ó títí, wọ́n wá bi mí pé, "Ọmọ tiẹ̀ dà?"

Mo ní, "Ọmọ ta ni, Màmá?"

"Ìyá yìí. Ṣé kò bímọ ni? Kí ló ń tà? Kí ni wọ́n ń pè é?"

Mo dá fíìmù padà sẹ́yìn. Àdùkẹ́, kò lórúkọ. Kò lọ́mọ, kò lọ́jà, kò ní ọ̀rẹ́ kan tó ń kí i pé ẹ káàárọ̀. Látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kó máa dẹ́rù bani nìkan niṣẹ́ rẹ̀ láyé.

Ó ti tó oṣù méjì báyìí tí Màmá ò jókòó síta mọ́. O mọ̀ wọ́n, àkàrà ni wọ́n fi tọ́ wa, ìwọ náà sì jẹ nínú rẹ̀ lọ sí iléèwé. Ohun tó fà á nìyí: ọmọ kan ládùúgbò ń kọjá lọ, wọ́n na àkàrà gbígbóná méjì sí i nínú bébà. Ọmọ náà kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Ó ní ìyá òun ní kí òun má gba nǹkan jíjẹ lọ́wọ́ ìyá arúgbó, pé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú fíìmù nìyẹn. Màmá ò bá a wí. Wọ́n wọlé, wọ́n gbé àkàrà náà sórí tábìlì, ó sì tutù síbẹ̀. Abala 210 nínú òfin ìwà ọ̀daràn wa sọ pé ẹni tó bá pe ẹlòmíràn ní àjẹ́ lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 2 jura. Ta ni ká wá mú lọ sílé ẹjọ́ lórí ohun tí ọmọ kékeré kọ́ lójú fóònù?

Ìlú tí o wà yẹn gan-an ni ọ̀mọ̀wé tí mo ń fi ẹ̀kọ́ rẹ̀ nípa àwòrán àti fíìmù kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti ṣiṣẹ́. Stuart Hall lorúkọ rẹ̀, Kingston ní Jàmáíkà ni wọ́n ti bí i ní 1932, ó sì dé Yunifásítì Birmingham ní 1964. Ó ní àwòrán kì í ṣe dígí. Fíìmù kì í kàn gbé ohun tó ti wà nílẹ̀ hàn wá, òun náà wà lára ohun tó ń sọ fún wa irú ẹni tí arúgbó jẹ́. Ní 1973, ó tún ṣàlàyé pé ẹni tó ń wòran kì í ṣe agbè tí wọ́n kàn ń rọ nǹkan sí: ẹnìkan á gbà á bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀, ẹnìkan á gba díẹ̀ kó ju díẹ̀ nù, ẹnìkan á kọ̀ ọ́ pátápátá. Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ́ èyí ní kíláàsì, orí bẹ́ẹ̀dì ni mo ti wá rí i kedere. Màmá ò ka ìwé Hall rí. "Ọmọ tiẹ̀ dà?" ni wọ́n fi kọ̀ ọ́.

Má sọ pé àṣà wa ni o. Mo mọ̀ pé Yorùbá gbà pé àjẹ́ wà. Ṣùgbọ́n wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Kétu, ìlú Yorùbá tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ijó olójú igi, ni wọ́n fi ń tu àwọn ìyá wa, ìyẹn àwọn tí à ń pè ní àjẹ́, lójú. Wọ́n mọ̀ pé àwọn ìyá náà lágbára, wọ́n ń jó fún wọn, wọ́n ń kọrin kí wọn, ojú igi tí wọ́n gbẹ́ náà á tutù pẹ̀sẹ̀. Àjọ UNESCO kéde rẹ̀ lára ogún aráyé ní 2001. Wọ́n ní ojú tó bá rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dé òpin ìran. Ẹ̀rù wà nínú ìran yẹn, ọ̀wọ̀ sì wà níbẹ̀. Ẹ̀rù nìkan làwọn onífíìmù wa bù nínú rẹ̀.

Owó ló fà á jù, lójú tèmi. Ní 1979 tí Hubert Ògúndé ṣe fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́, tó dá lórí àjẹ́, ńṣe ni wọ́n ń gbé e láti ìlú dé ìlú bíi eré orí ìtàgé. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn 1986, apá ò ká owó fíìmù ńlá yẹn mọ́, wọ́n bọ́ sórí fídíò, àṣẹ wá bọ́ sọ́wọ́ àwọn mákẹ́tà, ìyẹn àwọn tó ń ta fídíò ní ọjà Ìdúmọ̀tà l'Ékòó: èyí tó tà lánàá ni kí ẹ tún ṣe lónìí. Netflix dé ní 2016, ó náwó sórí àwọn fíìmù ọba àti ológun wa mélòó kan. Prime Video náà dé, àmọ́ ní January 2024 ó fawọ́ sẹ́yìn nínú ṣíṣe fíìmù tuntun ní Áfíríkà. YouTube ni ọ̀pọ̀ onífíìmù Yorùbá kó lọ. Lórí YouTube, àwòrán kékeré tí èèyàn máa ń rí níta kó tó tẹ fíìmù ló ń pe oníbàárà. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan tó ń bá wọn ṣe èdítìn fi ibi tí ìyá arúgbó ti ń rẹ́rìn-ín síta. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó yọ ọ́, kó fẹ ẹyin ojú ìyá náà, kó sì kùn ún ní pupa.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ nìyí, Àdùkẹ́. Owó ìpolówó Ìlú Ọba ju tiwa níbí lọ, nítorí náà wákàtí kan tí ìwọ bá fi wo fíìmù níbẹ̀ lè pawó ju wákàtí mélòó kan tiwa lọ. Ìwọ lo ń náwó fún wọn, o ò kàn mọ̀ ni. Ìyá òyìnbó tó máa ń kọrin fún ọ bí o bá ń wẹ̀ fún un, o mọ orúkọ rẹ̀, o mọ iye ọmọ rẹ̀. Jọ̀wọ́, bí o bá tún fẹ́ tẹ fíìmù kan, wá irú ìyẹn. Mi ò ní kí wọ́n sọ gbogbo ìyá arúgbó di áńgẹ́lì o, Hall náà sọ pé fífi àwòrán rere kún búburú ò ní kí búburú kúrò nílẹ̀. Èyí tó ń ṣahun, tó jẹ gbèsè, tó ń bá ìyàwó ọmọ rẹ̀ jà nítorí iyọ̀, mo fẹ́ ẹ. Kó ṣáà lórúkọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń gbé kámẹ́rà bọ̀ wá sílé wa, a fẹ́ ya Màmá àtàwọn ọ̀rẹ́ wọn nídìí agbada àkàrà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ti gbà báyìí, wọ́n ní àwọn á jókòó síta, ṣùgbọ́n kí n gbé iná sókè, kí n má gbé e sísàlẹ̀ àgbọ̀n àwọn.

Èmi ni tìrẹ,
Àṣàkẹ́