Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n dénú ni ṣúgà àkàrà ọ̀gẹ̀dẹ̀

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ o, pàápàá lórí ojú ewé oúnjẹ, nítorí ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí nígbàkígbà tí ìwé ìròyìn yín bá tẹ̀ mí lọ́wọ́. Inú mi dùn nígbà tí mo rí i pé ẹ kọ nípa àkàrà ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, torí pé ohun tí wọ́n fi tọ́ mi dàgbà ni. Màmá mi ló kọ́ mi bí a ṣe ń ṣe é, bí màmá tiwọn náà ṣe kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ka àlàyé náà dé òpin, ọkàn mi kò balẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ní kí a mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta tó pọ́n, kí a da ìdajì ife ṣúgà sí i, kí a fi ife fúláwà kan pò ó, kí a sì dín in nínú òróró gbígbóná. Kò parọ́, àmọ́ ẹni tí kò bá ṣe é rí yóò tẹ̀lé ohun tó kọ, yóò sì ba ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta jẹ́. Kò sọ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ṣe gbọ́dọ̀ pọ́n tó, kò sì sọ irú ife tó ní lọ́kàn. Inú nǹkan méjèèjì yìí sì ni àkàrà náà wà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èyí tí èèpo rẹ̀ pọ́n yòò, tí kò ní àbàwọ́n kankan lára, dára láti bó jẹ lásán, ṣùgbọ́n kò tíì tó ohun tí à ń fi ṣe àkàrà. Màmá mi kì í fọwọ́ kàn án títí àmì dúdú wínníwínní yóò fi kún èèpo rẹ̀. Wọ́n á gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá ta padà, wọ́n á dá a padà sórí tábìlì di ọjọ́ kejì. Bí ó bá tẹ̀ wọlé tí kò padà mọ́, tí òórùn rẹ̀ sì ti gba ilé ìdáná kan kí a tó bó o, ìgbà náà ni wọ́n á tó ní kí n gbé abọ́ wá. Mo rántí pé nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń rò pé wọ́n kàn ń fi ìyà jẹ wá ni, torí pé ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin la lè fi máa wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí tábìlì kí wọ́n tó dáná.

Ohun tí wọ́n ń dúró dè nìyí. Nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó gbó ṣùgbọ́n tí kò tíì pọ́n, sítáàṣì tó bí ìdá 20 nínú 100, ṣúgà inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Bí ó ti ń pọ́n ni àwọn èròjà kan nínú rẹ̀ ń já sítáàṣì yìí sí wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ di ṣúgà, tó fi jẹ́ pé nígbà tí àmì dúdú bá fi máa kún ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yí padà: sítáàṣì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ṣúgà ló gba ipò rẹ̀. Ẹni tó bá lo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ṣì le, tó wá fi ìdajì ife ṣúgà dí i, kò rí adùn kan náà. Ṣúgà tí a dà sí i yóò yọ́, yóò mú kí àpòpọ̀ náà ṣàn, bí ó bá sì dé inú òróró, ẹ̀yìn rẹ̀ á dúdú kí inú rẹ̀ tó jinná. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó le kì í sì í tẹ̀ kúnná. Ó máa ń dá kókó sílẹ̀, kókó yẹn á sì máa han ẹni lẹ́nu.

Ẹni tí kò bá lè dúró lè kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú àpò bébà pẹ̀lú ọ̀kan tó ti pọ́n tẹ́lẹ̀, kí ó ká ẹnu àpò náà. Èso tó ń pọ́n máa ń tú gáàsì kan jáde tí wọ́n ń pè ní ethylene, gáàsì yìí ló sì ń ti èyí tó wà nítòsí rẹ̀ pé kí òun náà pọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n sínú fíríìjì kí ó lè tètè dúdú. Òtútù tó bá lọ sílẹ̀ ju nǹkan bí 13°C lọ máa ń ba èèpo rẹ̀ jẹ́, ó máa ń dúdú lóòótọ́, àmọ́ ṣúgà kò pọ̀ sí i nínú rẹ̀. Mo mọ ọ̀pọ̀ èèyàn tí èèpo dúdú yẹn ti tàn jẹ.

Ọ̀rọ̀ ife ló wá ká mi lára jù, torí pé ojú mi rí màbo lórí rẹ̀. Nígbà tí mo kó lọ sí ilé tèmi, màmá mi ya ewé kan nínú ìwé kíkọ, wọ́n kọ ọ̀rọ̀ àkàrà náà sí i ní ìlà mẹ́rin péré: ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta tó pọ́n dáadáa; ẹyin kan; ife fúláwà kan; iyọ̀ díẹ̀ àti ṣíbí kékeré bákìn páódà kan, kí o sì jẹ́ kó sinmi títí wàá fi fọ abọ́ tán. Mo ṣe é bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Àpòpọ̀ náà ṣàn, bí mo ṣe dà á sínú òróró ló fẹ̀ pẹrẹsẹ, ó mu òróró yó, ìgbà tí mo gbé e jáde kò ṣeé jẹ fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́ẹ̀kejì, mo bu fúláwà sí i láìwọ̀n, mo sì rò ó títí, ló bá le bíi rọ́bà. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò sàn ju ìyẹn lọ. Mo wá gbà lọ́kàn mi pé ọwọ́ mi kò dùn ni, pé ohun tí a bí mọ́ àwọn kan ni, mo sì pa á tì fún bí ọdún méjì.

Nígbà tí mo lọ kí wọn nílé, mo mú ìwọ̀n kékeré kan dání, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe é lójú mi. Wọ́n na ọwọ́ sí orí pẹpẹ, wọ́n mú ife onírin kan tí etí rẹ̀ ti já láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Wọ́n rì í sínú fúláwà, wọ́n fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ ha ẹnu rẹ̀ kó lè tẹ́jú. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó dà á, mo gbé e sórí ìwọ̀n: fúláwà inú rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 150. Ife tèmi nílé kì í gbà ju gíráàmù 120 lọ. Mo bu omi sínú méjèèjì láti wò ó. Tiwọn gba mìlílítà 300, tèmi gba 240. Gíráàmù 30 fúláwà tó sọ mí di aláìmọ̀ọ́ṣe kò ju ohun tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan bù lọ. Màmá mi rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní, “Ṣé o rò pé ife mìíràn wà ni?” Lójú tiwọn, kò sí òmíràn lóòótọ́. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sọ pé ife kan, ife tí etí rẹ̀ já yẹn ni wọ́n ń sọ.

Mo wọn gbogbo nǹkan yòókù lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́ta náà, lẹ́yìn tí a bó wọn, jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 350. Ẹyin kan. Bákìn páódà kún ṣíbí kékeré kan, kò ga lórí. Iyọ̀ tó ìdá mẹ́rin ṣíbí kékeré, ẹ má sì ṣe fo iyọ̀ yìí, torí òun ló ń jẹ́ kí adùn ọ̀gẹ̀dẹ̀ yọ. Ṣúgà kò sí níbẹ̀ rárá. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kò bá pọ́n tó bí wọ́n ṣe fẹ́ ni wọ́n máa ń fi ṣíbí ńlá kan sí i, tí wọ́n á sì máa ráhùn bí wọ́n ṣe ń dà á. Abọ́ tí wọ́n fọ tán gba ìṣẹ́jú 12 lórí aago mi.

Nípa pípò rẹ̀, àmúga ni wọ́n fi ń tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọn kì í fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́, torí pé wọ́n fẹ́ kí ó ku díẹ̀díẹ̀ bí ìdajì ẹ̀pà nínú rẹ̀. Ẹyin á wọ inú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni fúláwà, tí wọ́n ti pò pọ̀ mọ́ bákìn páódà àti iyọ̀ ní gbígbẹ. Láti ìgbà tí fúláwà bá ti wọlé, ìyípo bíi mẹ́wàá ni ṣíbí wọn máa ń ṣe, wọ́n á dáwọ́ dúró nígbà tí fúláwà funfun kò bá hàn mọ́. Bí a bá ń rò ó ṣáá, èròjà kan nínú fúláwà àlìkámà á so ara rẹ̀ pọ̀, á máa fà, ohun tó sọ tèmi di rọ́bà nígbà kejì nìyẹn. Ìsinmi tí wọ́n ń fún un jẹ́ kí fúláwà mu omi ọ̀gẹ̀dẹ̀ dáadáa, kí àpòpọ̀ náà ki, kí ó máa já bọ́ lẹ́nu ṣíbí ní ìṣù kan, kí ó má ṣe ṣàn bí ẹ̀kọ mímu. Ṣùgbọ́n kí ó má ju ìdajì wákàtí lọ, torí pé bákìn páódà ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti ìgbà tó ti kan omi.

Ibi òróró ni mo fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín fara balẹ̀ sí jù. Kí òróró jìn tó ìbú ìka méjì nínú páànù, kí iná sì wà ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì. Ẹni tó bá ní ohun ìdíwọ̀n ooru lè máa lépa 170°C sí 175°C. Màmá mi kò ní in. Wọ́n á kán àpòpọ̀ náà sínú òróró bí ẹyọ ẹ̀wà kan: bí ó bá rì tó jókòó sí ìsàlẹ̀, òróró kò tíì gbóná. Bí ó bá pọ́n kó tó rì rárá, ó ti gbóná kọjá, kí ẹ gbé e kúrò lórí iná. Bí ó bá rì, tó sì gbéra padà wá sókè pẹ̀lú ìfófòó wẹ́wẹ́ yí i ká kí a tó ka ẹní, èjì, ẹ̀ta tán, ó ti tó. Nítorí ṣúgà tó wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀, ooru tí èèyàn lè fi dín nǹkan mìíràn ní àdínyá yóò jó èyí. Ṣíbí ńlá kan ni ìṣù kọ̀ọ̀kan, márùn-ún tàbí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan, kí òróró má baà tutù. Nígbà tí etí rẹ̀ bá ti pọ́n ni kí a yí i, bí ìṣẹ́jú méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fetí sí i pẹ̀lú: ariwo ṣíṣàá tó ń pa níbẹ̀rẹ̀ máa ń lọlẹ̀ nígbà tí omi inú rẹ̀ bá ti ń tán. Orí asẹ́ ni kí ẹ kó o sí, kí ẹ má sì dé e, torí ooru rẹ̀ á sọ èèpo tó gbẹ ṣáúṣáú di rírọ̀. Ìwọ̀n tí mo kọ yìí máa ń di nǹkan bí 20.

Olóòtú, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé nígbà tí ẹ bá tún máa tẹ oúnjẹ tí ẹnì kan kọ́ nílé wọn, kí ẹ ní kí ó fi gíráàmù àti mìlílítà kọ ọ́, kí ó sì sọ ohun tí ojú, ọwọ́ àti etí ń wò fún. Bí àgbà tó ni ọwọ́ náà bá ṣì wà láàyè, kí ó mú ìwọ̀n lọ bá wọn nídìí iná, kó má dúró kí wọ́n kọ ọ́ ránṣẹ́, torí ohun tó ti mọ́ wọn lára kì í wá sí wọn lọ́kàn láti kọ. Ìlà mẹ́rin tí màmá mi kọ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ti fi pẹ́ńsù kọ 150 sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n kọ “ife kan” sí, mo sì kọ ìṣẹ́jú 12 sí ẹ̀gbẹ́ “títí wàá fi fọ abọ́ tán”.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Òǹkàwé yín láti ọjọ́ pípẹ́