Ẹ Sọ Ibi Tí Ẹ Ń Mú Un Lọ Fún Un

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa, mo kí yín.

Lẹ́yìn ìsìn ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bàbá, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni bí mo bá ní kí wọ́n fi tipátipá gbé ọmọ mi lọ sí ọsibítù?" Ọmọ náà kò sùn fún ọjọ́ mẹ́rin. Ó ti gbé àdá lé àbúrò rẹ̀ lórí, kò sì gbà pé ara òun kò yá. Mo ní kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àwọn àgbà ní wèrè dùn-ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Ẹni tó bí i kì í kúkú wòran.

Ní ọdún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Olúwa, mo dé ilé àdúrà kan. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ so obìnrin kan mọ́ ìdí igi mángòrò. Egbò ti yí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, eṣinṣin ń bà lé e, wọ́n sì ní ààwẹ̀ ló ń gbà. Mo gbàdúrà fún un, mo sì bá tèmi lọ. N kò bèèrè orúkọ rẹ̀. Nígbàkúùgbà tí mo bá ka Máàkù orí karùn-ún, obìnrin yẹn ni mo ń rí. Àwọn ará Gádárà ti fi ẹ̀wọ̀n de ọkùnrin inú ibojì títí ó fi sú wọn. Jésù kò ní kí wọ́n mú ẹ̀wọ̀n mìíràn wá. Ó bi í pé, kí ni orúkọ rẹ? Nígbà tí ara rẹ̀ sì yá, ilé ló ní kó lọ, sọ́dọ̀ àwọn ará rẹ̀.

Láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, láti 1916, òfin tó ń pe aláìsàn ní wèrè, tó sì ń kọ́kọ́ ronú nípa bí a ó ṣe tì í mọ́lé, la fi ń ṣe é ní Nàìjíríà. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni Ààrẹ Buhari tó fọwọ́ sí òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ. Òfin yìí fẹ́ kí ìtọ́jú jẹ́ ti ẹni tó fẹ́ ẹ. Ó ní ìgbà tí a lè tọ́jú ẹni tí kò fẹ́, bí irú ìgbà tí ewu bá wà fún òun tàbí ẹlòmíràn, ẹni náà sì lè ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ òun yẹ̀ wò. Ìyẹn kò tilẹ̀ ṣàjèjì sí wa. Ní Aro, l'Ábẹ́òkúta, láti 1954, Dókítà Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tó yí ọsibítù ká, pẹ̀lú ìbátan wọn kan. Wọ́n ń wá gbàtọ́jú lójú mọmọ, wọ́n sì ń padà sílé.

Ohun tó ń dùn mí jù ni irọ́. "À ń lọ síbi àìsùn" la máa ń sọ fún wọn, kí wọ́n lè wọ mọ́tò. Ẹnì kan tí ara rẹ̀ ti yá sọ fún mi pé òun ti dárí jì wá fún okùn tí a fi dì í, pé irọ́ yẹn ni òun kò tíì lè gbàgbé.

Nítorí náà, nígbà tí mọ́tò ìjọ dé ní ọjọ́ Ajé, mo ní kí ìyá náà sọ òótọ́. Ó pe ọmọ rẹ̀ lórúkọ, ó ní, "Ọsibítù là ń lọ, mo ń bá ọ lọ, mi ò ní fi ọ́ sílẹ̀." Ọmọ náà sunkún, ó bú wa, àwọn géńdé méjì sì di apá rẹ̀ mú. Kó tó wọlé sínú mọ́tò, ó bojú wẹ̀yìn, ó ní kí wọ́n bá òun mú bàtà òun.

Ọjọ́bọ̀ la ó lọ kí i. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ìjọ.