Ẹ sọ ilé tí mínísítà ti wá fún wa

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo ka ìròyìn yín lórí ìwé-ẹ̀rí àwọn mínísítà káàkiri àgbáyé. Ẹ ṣeun, àmọ́ oyè yunifásítì nìkan kò tó fi wọn ènìyàn. Ìyà tí mínísítà ti jẹ rí ló jù lójú tèmi.

Aneurin Bevan fi ilé-ìwé sílẹ̀ lọ́mọ ọdún 13, ó di awakùsà èédú ní Wales. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí eruku èédú ń fà ló pa bàbá rẹ̀. Bevan yìí náà ni mínísítà tó dá ètò ìwòsàn ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní Bìrìtéènì lọ́dún 1948. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 pàápàá kò béèrè ju ìwé mẹ́wàá lọ lọ́wọ́ mínísítà.

N kò kórìíra ìwé o; owó aṣọ rírán ni mo fi rán ọmọ mẹ́ta nílé-ìwé. Ṣùgbọ́n lóṣù tó kọjá, iná fóònù ni nọ́ọ̀sì fi wá iṣan ọmọ-ọmọ mi nílé ìwòsàn ìjọba kan. Èmi ni mo di fóònù náà mú, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ẹni tí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ sí rí kò ní fi ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ falẹ̀.

Nígbà míì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iṣẹ́ òbí wọn kún un.

Ìyá aránṣọ,
Èbúté Mẹ́ta, Èkó.