“Díẹ̀” Méjì Nínú Lẹ́tà Kan

Ẹ̀yin ará mi, pàápàá ẹ̀yin ọmọ wa tó wà nílé ẹ̀kọ́ gíga,

Mo rí bàtà eré sísá kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì lọ́sẹ̀ yìí. Tuntun ni. Bébà tí wọ́n kì bọ̀ ọ́ nínú ní ṣọ́ọ̀bù ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó yé ti yé. Láti ọjọ́ náà ni Tímótì Kìíní 4:8 kò ti jẹ́ kí n sùn: “Nítorí ṣíṣe eré ìdárayá ní èrè fún ohun díẹ̀.”

Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ẹsẹ yìí bíi pé ńṣe ni Pọ́ọ̀lù ń tàbùkù eré ìdárayá. Pọ́ọ̀lù ò sọ pé kò lérè o. Díẹ̀ ló ní, ọ̀dọ́ ló sì ń kọ̀wé sí. Nínú lẹ́tà yìí kan náà, ní 5:23, ó ní kí Tímótì lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan náà ni “díẹ̀” méjèèjì. Ẹsẹ wáìnì yẹn lẹ há sórí, ẹ̀yin ọmọ mi! Ta ló mu díẹ̀ nínú yín? Ìgò bíà kékeré 5 fún ọkùnrin, 4 fún obìnrin, láàárín wákàtí 2, àmujù ni lójú oníṣègùn. Ẹ sọ díẹ̀ ti ọtí di púpọ̀, ẹ wá ti díẹ̀ ti eré ìdárayá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Eré sísá kì í lé ọtí tí a ti mu jáde. Iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ nìyẹn, bí ìgò kékeré kan ní wákàtí kan, omi tútù ò sì lè mú un yára. Àmọ́ ẹni tó mọ̀ pé ọ̀rẹ́ òun ń dúró de òun láago 6 àárọ̀ Sátidé á tètè gbé ife sílẹ̀ lálẹ́ Fúráìdé. Bí ọtí bá ń wù yín mu, ẹ dìde, ẹ fi ìṣẹ́jú 10 rìn kánmọ́kánmọ́; ara sábà máa ń rọlẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù tán tẹ́ ẹ wá ń fi bíà yọ̀, kí lẹ rò pé ẹ jèrè?

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹni tọ́tí gbé ṣubú tí kò dáhùn mọ́, kì í ṣe “ẹ jẹ́ kó sùn” ló kàn! Ọtí inú ikùn ṣì ń wọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tí ife ti kúrò lẹ́nu. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan, ẹ má fi í sílẹ̀, ẹ pe oníṣègùn lójú ẹsẹ̀. Ṣé ìtìjú ju ẹ̀mí lọ ni?

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo fẹ́ràn yín. Ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láàárọ̀ bí kò bá tíì mu, má dá jáwọ́ lójijì, ó léwu. Jẹ́ ká jọ lọ rí dókítà. Mi ò ní bá ọ jà. Èmi náà ti ra bàtà, mo sì ti so okùn rẹ̀.

Ìkéde: Ìrìn Sátidé, aago 6 àárọ̀, iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbáradì akọrin kúrò ní Ọjọ́bọ̀, ó di Fúráìdé, aago 7 alẹ́. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ yàrá àwọn ọmọdé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá a padà.